Ọwọ́ Rọ, Ọpọlọ Ṣì Ń Kọ̀wé: Èrò Mi Lórí Iṣẹ́ Krishna Shenoy

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, jọ́nà Nature gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nípa obìnrin kan tí àrùn ALS ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àrùn yìí a máa pa àwọn iṣan tó ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ lọ sí ara, díẹ̀díẹ̀, títí ahọ́n, ètè àti ọ̀fun kò fi ní gbọ́ràn mọ́. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi àwọn abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sí ojú ọpọlọ rẹ̀, wọ́n so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà. Bó ṣe ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń jáde lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ 62 láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tó yára jù lọ ṣáájú ìgbà yẹn kò ju ọ̀rọ̀ 18 lọ. Krishna Shenoy wà lára àwọn tí orúkọ wọn wà lórí àpilẹ̀kọ náà, ṣùgbọ́n kò rí i kó tó kú. Oṣù kìíní ọdún yẹn ni jẹjẹrẹ mú un lọ, lẹ́ni ọdún 54.

N kò mọ ọkùnrin yìí rí. Ẹnjiníà iná mànàmáná ni mí, iṣẹ́ tí mo sì ń ṣe jẹun kò kan ọpọlọ rárá. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ fà mí sún mọ́ ọn ni pé ẹnjiníà iná mànàmáná lòun náà kó tó di onímọ̀ ọpọlọ.

Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Kalifóníà ní Irvine ní ọdún 1990, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní MIT ní 1995. Ohun tó ṣèwádìí lé lórí ní MIT ni bí wọ́n ṣe lè kó ohun tó ń tan ìmọ́lẹ̀ àti ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ jọ sórí ṣíìpù kan náà, kí ṣíìpù kan lè máa fi ìmọ́lẹ̀ ránṣẹ́ sí òmíràn dípò wáyà. Kò sí ọpọlọ níbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ẹranko kankan. Lẹ́yìn èyí ló kó ẹrù rẹ̀, ó di Caltech, lọ́dọ̀ Richard Andersen tó ń ṣèwádìí ọpọlọ. Ibẹ̀ ló wà títí di 2001 tí Stanford fi gbà á ní olùkọ́.

Àwọn ọdún Caltech yẹn ni mo máa ń ronú lé lórí jù. Ẹni tó ti ní oyè ọ̀mọ̀wé láti MIT lórí ṣíìpù lásìkò tí ṣíìpù ń pawó bí nǹkan míì, ló padà lọ jókòó bí ọmọ iṣẹ́, tó ń kọ́ ohun tí àwọn tó kéré sí i lọ́jọ́ orí ti mọ̀. Nílé wa, bí ọmọ bá ka ẹnjiníà tán tó ní òun ń lọ kọ́ nípa ọpọlọ, ohun tí àwọn àgbà máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé o ò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni?" N kò dá wọn lẹ́bi, àwọn ló mọ ibi tí owó ilé-ìwé ti wá. Àmọ́ àwọn yunifásítì wa náà ò ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀ka kan kì í fẹ́ gba ọmọ ẹ̀ka mìíràn wọlé, àfi bíi pé ìwé tó kà tẹ́lẹ̀ ti bà á jẹ́. Tí mo bá ń jowú iṣẹ́ Shenoy, kì í ṣe owó tí wọ́n ná sí i ni mo ń jowú, àyè tó rí láti yà kúrò lójú ọ̀nà láìsí ẹni tó pè é ní aláìnípinnu ni.

Òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Hans Berger, dókítà ará Jámánì, ti gba iná mànàmáná orí ènìyàn sílẹ̀ láti 1924. Ní 1969 Eberhard Fetz fi hàn pé ọ̀bọ lè kọ́ bí yóò ṣe mú kí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan ṣoṣo ṣiṣẹ́ kíákíá, tó bá ti mọ̀ pé oúnjẹ wà nídìí rẹ̀. Ní 1973 Jacques Vidal ní UCLA kọ àpilẹ̀kọ tó sọ iṣẹ́ náà lórúkọ tí wọ́n ń pè é títí dòní: brain-computer interface, ìyẹn síso ọpọlọ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ní àwọn ọdún 1980, Apostolos Georgopoulos rí i pé ní apá tó ń darí ọwọ́ nínú ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní ìhà tó fẹ́ràn: òmíràn a máa ké jù nígbà tí ọwọ́ bá ń lọ sápá ọ̀tún, òmíràn nígbà tó bá ń lọ sókè. Tí ẹ bá ro gbogbo wọn pọ̀, ẹ lè sọ ibi tí ọwọ́ ń lọ kó tó dé ibẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ igbe yẹn, Yunifásítì Utah ni wọ́n ti ṣe é, lọ́wọ́ Richard Normann àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Pẹlẹbẹ sílíkọ́nì kékeré ni, mìlímítà 4 lóròó, mìlímítà 4 níbùú, abẹ́rẹ́ 100 sì tò sórí rẹ̀, tí kò sí èyí tó gùn ju mìlímítà kan àti ààbọ̀ lọ. Wọn kì í fi ọwọ́ tì í wọlé. Ọpọlọ rọ̀ púpọ̀. Tí wọ́n bá rọra ń tì í, ṣe ni ojú ibẹ̀ máa tẹ̀ wọnú láìjẹ́ kí abẹ́rẹ́ wọlé dáadáa. Nítorí náà, ẹ̀rọ kan tó ń fi afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ ló máa ń gbá a wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí wọ́n bá wá gbé iná tí abẹ́rẹ́ kan ń gbà gba inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ẹ máa gbọ́ ta, ta-ta, ta-ta-ta-ta, ta. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ló ń dún bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2006, ìwádìí méjì jáde nínú Nature lọ́sẹ̀ kan náà. Èyí tí gbogbo ìwé ìròyìn gbé ni ti ẹgbẹ́ John Donoghue àti Leigh Hochberg, tí ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ ti rọ láti ọrùn wálẹ̀ fi èrò ọkàn darí atọ́ka lójú kọ̀ǹpútà. Èkejì ni ti láàbù Shenoy, pẹ̀lú ọ̀bọ. Àwọn yẹn kò wá bí atọ́ka yóò ṣe máa rìn gọ́tọ̀gọ́tọ̀ lọ síbi tí ẹranko náà ń lọ. Wọ́n ka ètò tí ọpọlọ ń ṣe kí ọwọ́ tó gbéra, atọ́ka sì fò lọ síbẹ̀ tààrà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó tó nǹkan bí ọ̀rọ̀ 15 láàárín ìṣẹ́jú kan tó bá jẹ́ pé kíbọọ̀dù ló wà níwájú. Ọ̀rọ̀ ti ọ̀bọ yìí kò rọrùn lọ́kàn mi, n kò ní purọ́. Àmọ́ kò sí èyí tó dé ọpọlọ ènìyàn nínú àwọn ohun tí mò ń sọ yìí tí kò kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, ẹni tó bá sì ń yin iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ síta.

Ibi tí iṣẹ́ Shenoy ti yà sọ́tọ̀ lójú mi ni pé kò jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ pa ìbéèrè lẹ́nu òun. Àlàyé Georgopoulos dára, ó ṣeé kọ́ ẹ̀rọ lé lórí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dáadáa á rí i pé ìwà wọn kò tẹ̀lé e bó ṣe yẹ. Sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ràn ọ̀tún ní ìbẹ̀rẹ̀ lè fẹ́ràn òsì kí ọwọ́ tó dúró. Òmíràn á ké, á dákẹ́, á tún ké, nígbà tí ọwọ́ ń lọ síbì kan ṣoṣo. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ènìyàn ka irú èyí sí ariwo lásán. Ní 2012, Mark Churchland, John Cunningham, Shenoy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé e gba ọ̀nà mìíràn: wọn ò bèèrè ohun tí sẹ́ẹ̀lì kan ń sọ mọ́, bí gbogbo wọn ṣe ń yí papọ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá dúró ti onígúdúgúdú nìkan níbi tí wọ́n ti ń lu dùndún, tó di etí sí ìyókù, kò ní gbọ́ oríkì tí wọ́n ń kì, á sì lérò pé ẹni yẹn kàn ń lu nǹkan káàkiri ni. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà pọ̀, wọ́n rí i pé iṣẹ́ wọn ń yípo létòlétò, ìhà kan náà, bí ọwọ́ tilẹ̀ ń lọ gbọọrọ tí kò yípo rárá. Ètò tí ọpọlọ ṣe sílẹ̀ kó tó gbéra ló ń sọ ibi tí yíyípo náà yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìyókù á máa tú ara rẹ̀ jáde.

Ibí yìí ni neural network, ìyẹn ìṣirò kọ̀ǹpútà tó ń fi àpẹẹrẹ kọ́ṣẹ́, ti wọlé, ó sì dùn mọ́ mi ju gbogbo ìyókù lọ. Láti 1943 ni Warren McCulloch àti Walter Pitts ti kọ nípa sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ bí ohun tí a lè fi ìṣirò ṣe. Láti ibẹ̀ ni a ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ohun tó ń dá ojú wa mọ̀ lórí fóònù lónìí. David Sussillo, tó mọ irú neural network tó máa ń rántí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, wá sí láàbù Shenoy. Nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 2015, òun, Churchland, Shenoy àti ẹlẹgbẹ́ wọn mìíràn kọ́ irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ pé kó máa pèsè àṣẹ tí iṣan ọwọ́ ń gbà nígbà tí ọ̀bọ bá na ọwọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un bí ọpọlọ ṣe ń ṣe tirẹ̀. Wọ́n kàn ní kó wá ọ̀nà tó rọrùn, tí kò ní máa fò káàkiri. Nígbà tí wọ́n ṣí inú rẹ̀ wò, yíyípo kan náà ni wọ́n bá níbẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn fi èyí sọ pé kọ̀ǹpútà ti di ọpọlọ. Ó jìnnà sí i. Ohun tó sọ fún mi ni pé bí iṣẹ́ kan bá wà, tí a sì fi dandan lé e pé kó jẹ́ ọ̀nà tó rọrùn ni a óò gbà ṣe é, ọ̀nà tó kù kò pọ̀ mọ́, àwọn méjì tí wọn kò mọra lè bára wọn pàdé níbẹ̀. Ẹnjiníà ló máa ń yára gbà irú ọ̀rọ̀ yìí, bóyá nítorí pé a ti rí i lẹ́nu iṣẹ́.

Ní 2021 ni iṣẹ́ méjèèjì, ti ìbéèrè àti ti ẹ̀rọ, wá di ọ̀kan. Ọkùnrin kan tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa ní 2007, tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ti gba pẹlẹbẹ méjì sínú ọpọlọ, ní apá tó ń darí ọwọ́. Frank Willett, pẹ̀lú Shenoy, Jaimie Henderson tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, ní kó ṣe bíi pé kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé onílà wà níwájú rẹ̀, kó máa kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ò kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n inú ọpọlọ ń kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ ti tó ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ọwọ́ yẹn ti kọ nǹkan kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fi ìṣirò yàwòrán ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe, ẹ lè fi ojú ara yín ka àwọn lẹ́tà náà.

Ẹ wo ìṣòro tó wà níbẹ̀. Tí ènìyàn bá ń tẹ kíbọọ̀dù, a mọ ìgbà tó tẹ lẹ́tà kan. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mira, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ a àti ìgbà tó parí rẹ̀? Àmì kankan kò sí lóde ara. Wọ́n ní láti fi ìṣirò mìíràn fojú bu ìgbà náà kí neural network tó rí ohun tí yóò fi kọ́ṣẹ́. Àpẹẹrẹ náà ò sì pọ̀, nítorí ènìyàn kan ṣoṣo ni, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Ni wọ́n bá ń gé àwọn lẹ́tà tó ti kọ sọ́tọ̀, wọ́n ń tò wọ́n pọ̀ sí gbólóhùn tí kò kọ rí, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè rí oúnjẹ jẹ. Àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ náà fẹ́ àmì tirẹ̀, torí pé a kì í kọ àlàfo. Àmì > ni ọkùnrin náà ń kọ dípò rẹ̀.

Ó kọ lẹ́tà 90 láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ fóònù ń tẹ nǹkan bí 115. Ọ̀nà àtijọ́, ti kí atọ́ka máa rìn lórí kíbọọ̀dù, kò ju nǹkan bí 40 lọ. Ìdí tí ìkọ̀wé fi borí rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu: lílọ gbọọrọ rọrùn fún ọwọ́, ṣùgbọ́n ìlà gbọọrọ kan jọ èkejì jù fún ẹni tó ń wo sẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà ní ẹ̀kọrọ, ó ń yára, ó ń falẹ̀, ó ń yí padà, nítorí náà lẹ́tà kan kì í jọ òmíràn. Ohun tó nira fún ọwọ́ ló rọrùn fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti dá mọ̀. Ẹni tí kò lo àwọn ọdún wọ̀nyẹn láti wo bí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì ṣe ń yí padà láti ìṣẹ́jú àáyá dé ìṣẹ́jú àáyá kò ní ronú kan ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní rọpárọsẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, apá ọ̀tún rọ, ọ̀rọ̀ sì lọ. A kọ A, B, D sórí páálí, a ń fi ìka tọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan kó lè fi ojú sọ fún wa ibi tó fẹ́ kí á dúró sí. Ó máa ń bínú sí páálí náà. Ẹni tó ti ń ka ìwé ìròyìn láti òkè dé ìsàlẹ̀ láràárọ̀! Ọjọ́ kan ni àbúrò rẹ̀ obìnrin yí sí mi, ó ní, "Ẹnjiníà, gbogbo èyí tí ò ń kà lórí fóònù yìí, ṣé wọn ò lè so ọpọlọ bọ̀dá mi mọ́ kọ̀ǹpútà ni?"

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé sọ ní gbólóhùn kan. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè ni àwọn abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ń gbọ́. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà tó gba àárín ọpọlọ àti ara ló bàjẹ́, bíi ti ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlu ìdí ọpọlọ rẹ̀, ojú ọpọlọ ṣì ń ṣiṣẹ́, ohun tí a ó gbọ́ sì wà níbẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Edward Chang àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco bá ṣiṣẹ́ ní 2021. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wá gan-an ni ẹ̀jẹ̀ kò dé, tí sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ sì ti kú, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ibẹ̀ ló wà. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa ṣe físíò yẹn lọ, Àǹtí."

Kí n padà sórí obìnrin tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Pẹlẹbẹ mẹ́rin ni wọ́n fi sí i. Méjì wà ní apá tó ń darí ètè, ahọ́n àti ọ̀fun. Méjì yòókù wà ní agbègbè tí ìwé ń pè ní ti Broca, èyí tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé láti bí ọdún 150 pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ohun tí wọ́n rí gbà ní ti Broca kò tó nǹkan rárá! Ti àkọ́kọ́ ló gbé gbogbo iṣẹ́. Neural network ń sọ ìró tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ní kíákíá, lẹ́yìn náà ohun tó mọ gbólóhùn èdè Gẹ̀ẹ́sì á yan ọ̀rọ̀ tó bá wọn mu nínú ọ̀rọ̀ 125,000. Nínú ọ̀rọ̀ 100, nǹkan bí 24 ni kì í bọ́ sí i. Ẹni tó bá lérò pé iṣẹ́ ti parí, kó fi ìyẹn sọ́kàn.

Èmi tí mò ń ka èyí, tèmi ni mo ń rò. Tó bá jẹ́ Yorùbá ni obìnrin yẹn fẹ́ sọ ńkọ́? Ti ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà mí. Ní 2018 ni ẹgbẹ́ Chang ti fi hàn pé ibì kan wà lójú ọpọlọ tó ń darí bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò, àwọn oníwádìí ilẹ̀ Ṣáínà náà sì ti ka ohùn èdè Mandarin láti inú ọpọlọ ní 2023. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni apá kejì, ti ohun tó mọ gbólóhùn. Ìwé la fi ń kọ́ ọ, ìwé tí a kọ ní Yorùbá tó ní àmì ohùn lórí. Ẹ wo WhatsApp yín. Ẹ wo tèmi náà.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bẹ̀rù pé ẹ̀rọ yìí ń ka inú ènìyàn. Nínú iṣẹ́ tí mo ti sọ wọ̀nyí, ẹni náà gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti kọ̀wé tàbí láti sọ̀rọ̀. Àṣẹ tó ń lọ sí ara ni wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà. Mo máa ń fi ìyẹn dá wọn lóhùn, títí di 2025 tí ẹgbẹ́ Stanford yìí kan náà fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ láìgbìyànjú àtila ẹnu náà ń yọjú díẹ̀ níbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló tọ́ka sí ewu rẹ̀, tí wọ́n sì ṣe é kí ẹ̀rọ náà má tẹ́tí rárá àfi tí ẹni náà bá kọ́kọ́ fi ọkàn sọ gbólóhùn àṣírí kan. Ẹ̀rù àwọn ènìyàn kì í ṣe òmùgọ̀, nígbà náà. Mo ti dẹ́kun fífi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn tí Shenoy tọ́ ti tàn káàkiri Amẹ́ríkà: Byron Yu ní Carnegie Mellon, Cynthia Chestek ní Michigan, Churchland àti Cunningham ní Columbia, Chethan Pandarinath ní Atlanta. Sergey Stavisky wà ní Yunifásítì Kalifóníà ní Davis. Ní 2024, òun, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ David Brandman, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn gbé ìròyìn jáde nípa ọkùnrin kan tí ALS mú. Pẹlẹbẹ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ 125,000 kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ sí i ti di 97.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n fi ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀ kí àrùn tó dé ṣe ohùn kọ̀ǹpútà náà, kó lè jọ tirẹ̀. Wáyà ṣì ń jáde lórí rẹ̀, wọ́n sì ṣì ní láti wá so ó mọ́ ẹ̀rọ kó tó lè bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa kọ ìwé náà, ó ti fi bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún wákàtí tó lé ní 248.